Màmá Ẹ-Dákẹ́-Ná, Tó Ń Ka Aago fún Tòmátì

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn ni a bí ìyá wa sí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1962, nínú yàrá kan tí aago mẹ́tàdínlógún wà lára ògiri rẹ̀ tí kò sì sí méjì tó bára mu. Atúnaagoṣe ni bàbá wọn. Atúnaagoṣe ni bàbá tó bí bàbá wọn. Aránṣọ ni ìyá wọn, ẹni tí wọ́n sọ pé ó fi gbogbo ìgbà tó wà nílé ọkọ béèrè aago mélòó ló lù, tí kò sì rí ìdáhùn kan tó dájú gbà títí ó fi lọ. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Ìyá wa ni ìkẹta, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín wọn.

Àwa ẹbí kí gbogbo yín tí ẹ wá bá wa dárò. A kò ní purọ́ fún yín: ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kọ ìwé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ya á, nítorí ọwọ́ wa kò tíì gbà láti kọ "olóògbé" ṣáájú ìyá wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, Màmá jí, wọ́n po tíì, wọ́n bá Bàbá wí nítorí ilẹ̀kùn fíríìjì tí Bàbá kò tì dáadáa, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́. Aago mọ́kànlá kò tíì lù tí wọ́n fi pè wá pé kí a máa bọ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Àwọn àgbà ní àìsàn la rí wò, a kò rí t'ọlọ́jọ́ ṣe. Ó dára, ṣùgbọ́n èwo ni àìsàn tí a rí wò nínú èyí? Títí di bí a ṣe ń kọ ọ́ yìí, ife tíì wọn ṣì wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tó láyà láti fọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1967, nígbà tí Màmá pé ọmọ ọdún márùn-ún, bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n jókòó ti òun ní ṣọ́ọ̀bù. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí bàbá bá ti fi awò kékeré há ojú báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ inú aago, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sín. Ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin sín lọ́jọ́ kan. Irin tín-ínrín kan fò kúrò lẹ́nu ẹ̀mú, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo ilé fi ń gbálẹ̀ kí wọ́n tó rí i nínú àpótí bọ́tìnnì ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n náà wà láàárín wa lónìí, wọ́n sì ní kí a kọ ọ́ síbí pé kì í ṣe àwọn ló sín. A ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá tó rí i lójú ara wọn kò yí ẹ̀rí wọn padà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, wọ́n sì wọ girama ní ọdún 1974. Girama ni tòmátì ti mú wọn. Olùkọ́ kan sọ fún kíláàsì pé oòrùn tó ń ràn sí èso lára ló ń mú kí ó pọ́n. Màmá délé, wọ́n já tòmátì kan tó ti gbó àmọ́ tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aago tó ṣófo, wọ́n sì gbé àpótí náà sábẹ́ ibùsùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì, wọ́n ṣí i. Pupa fòò ni. Olùkọ́ ní kí wọ́n lọ jókòó. Wọ́n lọ jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi tòmátì náà sílẹ̀ lórí tábìlì olùkọ́, kí ó máa wò ó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè pé, bí kì í bá ṣe oòrùn, ta ló ń ṣe iṣẹ́ náà? Ìbéèrè yẹn ló gbé wọn dé yunifásítì ní ọdún 1981, òun náà ló gbé wọn dé láàbù tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí nípa ìtọ́jú èso, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n lò níbẹ̀. Àga kan náà ni wọ́n jókòó sí; tìmùtìmù rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ yìí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló rò pé tòmátì ni Màmá ń tà. Nínú èso, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ojú kò lè rí. Ẹ́ńsáìmù ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Kò sí ẹni tó ń kó wọn síbẹ̀, èso fúnra rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Ohun tó mú kí tòmátì tútù le ni nǹkan kan tó so ara rẹ̀ pọ̀ bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń so búlọ́ọ̀kù, pẹ́kítìn ni wọ́n ń pè é. Bí àkókò bá tó, ẹ́ńsáìmù kan á kọ́kọ́ bọ́ aṣọ lára pẹ́kítìn, òmíràn á wá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èso á rọ̀. Àwọn kan ń ṣe afẹ́fẹ́ kan tí ń sọ fún èso tó wà nítòsí pé kí òun náà dìde. Àwọn kan ń kó àwọ̀ ewé kúrò, àwọn mìíràn ń to àwọ̀ pupa sípò rẹ̀. Ohun tí Màmá ń wá ni èyí tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, ọjọ́ tó dé, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ojú tòmátì kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó lè ní àwọ̀ ewé, ó lè le koko lọ́wọ́, kí iṣẹ́ sì ti lọ jìnnà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbé tòmátì délé, Màmá kì í wo ojú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n máa ń yí sókè, nítorí ìdí ni tòmátì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Wọ́n ṣe é lójú àwọn àna wa lọ́jọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. A kò tíì gbàgbé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ náà nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé. Wọ́n á so òwú mọ́ òdòdó tòmátì lọ́jọ́ tó bá là, kí wọ́n lè mọ iye ọjọ́ tí èso náà ti lò. Bí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bá pé, wọ́n á já èso mẹ́jọ, wọ́n á lọ̀ wọ́n nínú omi iyọ̀ tó tutù bíi yìnyín, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ pẹ́kítìn àti aró kan nínú ìgò kékeré, wọ́n á sì ti ìgò náà bọ inú ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńsáìmù bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni aró náà yóò máa ṣí. Màmá á tẹ orí mọ́ ojú ẹ̀rọ, wọ́n á máa ka aago, ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan wọ́n á kọ iye kan sínú ìwé. Ìgò kan gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgò mẹ́jọ gba ogójì ìṣẹ́jú. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú yẹn, bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ tí Màmá bá ṣi iye kà, ìgò yẹn ti bàjẹ́, èso ọjọ́ yẹn kò sì ní padà wá. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń ka iye fúnra wọn dé láàbù ní ọdún 2011. Màmá lo ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kì í ṣe òótọ́ ló ń sọ, wọ́n padà sídìí èyí tí wọ́n mọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń dá ọ̀gá wọn lóhùn.

Ní ọdún 1991, fíríìjì láàbù kọṣẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe atúnfíríìjìṣe kan. Ọkùnrin náà wọlé nígbà tí Màmá ń ka ìgò kẹfà lọ́wọ́, ó sì béèrè ibi tí òun ti lè fọwọ́. Màmá dìde, wọ́n wò ó. Ọkùnrin náà sọ fún wa pé òun ti tún fíríìjì ṣe fún ọdún mẹ́jọ, kò sí ẹni tó wò òun báyẹn rí. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, ó gbé pátákó kékeré kan lọ́wọ́ tó fi ọ̀dà funfun kọ̀wé sí: MO Ń KA AAGO. Ẹ DÁKẸ́ NÁ. Ó kàn án mọ́ etí tábìlì wọn. Lẹ́yìn náà ó tún wá yẹ fíríìjì náà wò lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe fíríìjì. Nígbà kẹta, Màmá sọ fún un pé ara fíríìjì le, bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá, kí ó yára sọ. Ó yára sọ. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà ọdún 1993. Ọkùnrin náà ni Bàbá wa. Pátákó náà ló sì fún Màmá ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, Màmá Ẹ-Dákẹ́-Ná.

Ní ọdún 1998, obìnrin kan dé láàbù gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Màmá. Àwọn ló máa ń fọ́ yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú omi èso, nítorí náà àwa ọmọ ń pè wọ́n ní Àǹtí Yìnyín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn méjèèjì fi ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú yàrá kan náà. Àǹtí Yìnyín mọ ìró ẹsẹ̀ Màmá. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn láìjẹ́ kí ó dún, wọ́n sì ra bàtà onírọ́bà nítorí ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn ló mú àbíkẹ́yìn wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, nítorí èso ọjọ́ yẹn kò lè dúró de Màmá.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá kò ṣe ọ̀lẹ. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń jókòó sí ìlà kejì nínú ilé ìjọsìn wa, ẹ̀gbẹ́ òsì, pẹ̀lú aago kékeré ní àtẹ́lẹwọ́. Pásítọ̀ mẹ́ta ló ti jẹ níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tí kò mọ̀ pé bí ìwàásù bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, Màmá á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Pásítọ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí sọ fún wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá pé òun wàásù fún wákàtí kan gbáko, òun ń dúró de ikọ́ yẹn, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa parí rẹ̀.

Ní ti ìlú, láti ọdún 2004 ni Màmá ti ń lọ bá àwọn tó ń ta tòmátì lójú ọ̀nà láàbù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n má ṣe to èso lé ara wọn ga jù nínú apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa lo àpótí pẹlẹbẹ. Wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n máa ṣa èyí tó bá fọ́ kúrò kíá, nítorí ó ń pe ẹ́ńsáìmù ara rẹ̀ sí iṣẹ́, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ń fi Màmá rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn náà wà níbí lónìí. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn láti òwúrọ̀, a sì dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ó ń dùn wá.

Ọdún mẹ́fà ni Màmá ti ń tọpa irú tòmátì kan tó máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Wọ́n ti ka gbogbo ọjọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí òdòdó ti là. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù, ọjọ́ kejìdínláàádọ́ta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló sì bọ́ sí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Yìnyín wà nínú yàrá náà, wọ́n ń fọ ìgò. Ìwé iṣẹ́ Màmá wà lọ́wọ́ wa. Iye mẹ́wàá wà fún ìgò àkọ́kọ́, wọ́n pé, wọ́n mọ́ tónítóní. Iye márùn-ún wà fún ìgò kejì. Ìkẹfà kò ju ìlà kan lọ, ìlà náà sì yọ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ìyẹn ni pé aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje àti ààbọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Orí Màmá wà lójú ẹ̀rọ, kálàmù wà lọ́wọ́ wọn, bí ó ṣe máa ń wà. Àǹtí Yìnyín kọjá lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ́ ẹsẹ̀ kọjá. Ọ̀gá láàbù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí pátákó, wọ́n fi ìka lé ẹnu, wọ́n padà. Nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú pé, Àǹtí Yìnyín tún fi ìṣẹ́jú kan lé e, bóyá Màmá pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ kan Màmá léjìká. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìyá wa fi wà níbẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn wọn, tí gbogbo wọn sì dákẹ́ nítorí wọn.

Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ. Ọmọ Màmá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bi í bóyá wọn ì bá là bí a bá ti tètè mọ̀. Dókítà ní àwọn mìíràn máa ń là bí a bá tètè gbé wọn dé, àwọn mìíràn sì wà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, òun kò sì mọ èyí tí Màmá jẹ́. A fẹ́ kí ó parọ́ fún wa. Kò parọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àǹtí Yìnyín wá sí ilé wa, bàtà onírọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àkọ́bí pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ fún wọn pé, "Ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi kú." Wọ́n yí padà, wọ́n lọ, láti ìgbà náà wọn kò tún wá sí ilé wa mọ́, wọn kò sì lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí ẹbí jókòó láti pín ètò ìsìnkú, ọ̀rọ̀ di awuyewuye. Àwọn kan ní kí a má fi orúkọ Àǹtí Yìnyín sínú ìwé yìí. Nọ́ọ̀sì ń sunkún, àbíkẹ́yìn ní kí gbogbo ènìyàn ṣe jẹ́jẹ́. Bàbá tí kò tíì sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ pátákó yẹn. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó pa á, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, a fẹnu kò pé kí orúkọ Àǹtí wọlé.

Màmá fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ sáyé: ọkọ wọn, Bàbá wa, tó ṣì ń tún fíríìjì ṣe, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ní àwọn kọ́ ló sín, àti àbúrò wọn kan, ọmọ mẹ́ta, àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ atẹ̀wé, ọmọbìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àbíkẹ́yìn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pósí tí ẹ ń wò yìí, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti mọ̀ pé ìdí la fi ń wo tòmátì, àwọn àna, àti Àǹtí Yìnyín, ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́pọ̀ wọn fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ibi tí ẹbí parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn. Ohun tó kù, èmi àkọ́bí ni mo kọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé mi ni a ti tẹ ìwé yìí, mo sì fi ìpínrọ̀ wọ̀nyí kún un láàárọ̀ yìí kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò tíì kà á. Àwọn àbúrò mi kò tíì kà á. Àwọn àti ẹ̀yin jọ ń kà á lẹ́ẹ̀kan náà ni, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Màmá pè mí ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní orí kan ń fọ́ àwọn láti àná, irú rẹ̀ kò ṣe àwọn rí. Mo ní kí wọ́n má lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ọjọ́ kejìdínláàádọ́ta nìyí. Tòmátì ò ní dúró dè mí." Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀ ṣá o, mo sì pè wọ́n padà. Fóònù mi kọ aago tí mo pè sílẹ̀: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ó dún títí létí mi, wọn kò gbé e; Màmá kì í jẹ́ kí fóònù wọn dún sókè bí wọ́n bá ń ka aago. Nọ́ńbà Àǹtí Yìnyín wà lórí fóònù mi. Bí mo bá pe Àǹtí, wọn ì bá rìn dé ẹ̀gbẹ́ Màmá kí aago tó di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò pè wọ́n. Mo wo aago ara ògiri, mo sọ fún ara mi pé wọ́n ń kà á lọ́wọ́, kí n má da ìgò rú, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé orí ń fọ́ wọn. Àǹtí Yìnyín kò mọ̀. Màmá kò sọ fún Bàbá. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Èyí tó wà lára mi ni mo gbọ̀n dà sí Àǹtí lára lẹ́nu ọ̀nà wa, níṣojú àwọn ènìyàn. Nítorí náà, níṣojú àwọn ènìyàn ni mo ṣe ń sọ èyí.

Àǹtí mi, ìwé tó kọ́kọ́ jáde lára ẹ̀rọ, ilé yín ni mo ń gbé e bọ̀. Ẹ kò pa ìyá mi. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe fún odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ẹ ṣe, èmi náà sì ṣe é. Àga kan wà ní ìlà àkọ́kọ́, láàárín Bàbá àti èmi. Tiyín ni. Bí ẹ bá wá, a ó jọ jókòó. Bí ẹ kò bá wá, a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó síbẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ọ̀gá láàbù sọ fún mi pé nítorí ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, Màmá fi ìdajì èso kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà pamọ́ sínú fíríìsà, pé ọwọ́ yín nìkan ló kù tó mọ bí Màmá ṣe ń ka aago lórí ẹ̀rọ yẹn, pé bí a bá ka ọjọ́ kan yìí, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ti pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á lọ ní ọjọ́ Ajé. N ó gbé àga wá, n ó jókòó tì yín. N kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńsáìmù. Ṣùgbọ́n bí ìgò kan bá ti parí, kí èkejì tó wọlé, n ó máa bi yín pé, "Àǹtí, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dá mi lóhùn.

Màmá wa, ẹ sùn ire. Ẹ má bínú sí wa pé a dákẹ́.